Ẹrù Àbájí ni ti Bàbá Ànú

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó lè múnú bí èèyàn láìsọ ọ̀rọ̀ burúkú kan, ẹ wá sí yáàdì tírélà wa lẹ́yìn Kabusa ní Àbújá, kí ẹ béèrè Hezekiah Fẹ̀yìntọlá. Wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń béèrè. Ẹ wá ní Bàbá Ànú lẹ ń wá, gbogbo wọn á nawọ́ sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ, ó sì ti ń wa tírélà láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Èmi ni Sùlàímọ́nù, ará Ìsẹ́yìn, èmi ni mo ń lẹ táyà ní yáàdì náà. Yàrá èmi àti Bàbá Ànú fara ti ara wọn ní Kabusa, ògiri kan ló là wá láàrin. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ọkùnrin náà máa ń bí mi nínú gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù fún dẹ́rẹ́bà, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Lára ògiri ọ́fíìsì wa, wọ́n kan ìṣó ní ìlà gbọọrọ kan. Dẹ́rẹ́bà tó bá ti ìrìn àjò dé á fi kọ́kọ́rọ́ tírélà rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló wà níwájú, àwọn yòókù á tò tẹ̀ lé e. Bí ẹrù bá wá dé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níwájú ló kàn. Bí ilé iṣẹ́ ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, ó sì dùn-ún gbọ́ létí.

Irọ́ ni, tàbí kí n ní ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ pe èmi. Wọ́n á ní, Sùlàí, táyà ta ló lè dé Kánò láìbẹ́? Bí mo bá mi orí, kọ́kọ́rọ́ ẹni yẹn á wà lórí ìṣó níbi tó wà. Wọ́n á wo ẹni tó gbọ́ Hausa, torí pé ẹni tí kò lè sọ ju sànnu àti yauwa lọ, wọn ò ní rán an lọ sí Zaria. Wọ́n á wo ẹni tí oníbàárà fẹ́ràn. Ìyá oníṣòwò kan wà ní Kánò tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà wa tó ń jẹ́ Diméjì nìkan ló gbà kó gbé ẹrù òun, ó ní àwọn yòókù máa ń fajú ro sí òun. Wọ́n á wo ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í kú sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á wá wo ẹni tí kò ní pariwo, òun sì ni wọ́n máa ń gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fún.

Ẹrù Àbájí sì ni ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Àpò ajílẹ̀ ni, tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ò jìn, kò tilẹ̀ kúrò ní abẹ́ Àbújá yìí, torí náà owó ọ̀nà tí wọ́n ń fún dẹ́rẹ́bà ò tó nǹkan. Òórùn ajílẹ̀ náà á wá wọnú aṣọ, á wọnú ìjókòó ọkọ̀, bí o bá délé, ìyàwó rẹ á ní kó o ṣì dúró síta ná. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Àbájí báyìí, ẹ̀yìn Diméjì á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹlòmíì á ní bíréékì òun ń dún. Bàbá Ànú ní tiẹ̀ á mú kọ́kọ́rọ́, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, ẹ ṣeun, ọmọ mi, Olúwa á máa gbọ́ tiyín, ó di Àbájí. Àdúrà lórí ajílẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ẹni tó ń pè ní ọmọ mi yẹn ni Kíkẹ́olúwa, ọ̀gá tó ń pín ẹrù. Àbújá ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé, bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ gidi ni. Ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì yé e. Yorùbá ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa ń há. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dáhùn, á fi Gẹ̀ẹ́sì dí àlàfo ibi tí Yorùbá rẹ̀ bá ti tán. A kì í bínú sí i. Àmọ́ nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ohun téèyàn bá fẹnu sọ náà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò mọ irú àwa.

Kò sì mọ irú Bàbá Ànú rárá. Ẹ wò ó, Hàbíbátù ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí Bàbá Ànú bá bá wa nídìí oúnjẹ, Hàbíbátù á ní kó wá jẹun. Á ní òun ti yó. Hàbíbátù á tún pè é, á ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà tó bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni Bàbá Ànú á tó jókòó, á wá jẹun bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti àná. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé láti kékeré pé ọmọ tó níwà kì í yan nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in. Èmi náà gba irú ẹ̀kọ́ yẹn o, ṣùgbọ́n mo ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo dé Àbújá.

Ní bíi oṣù kan sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ń bá Ànú sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ànú ni ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì wà. Ó yẹ kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bọmi ní ìjọ wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní wọnú omi náà bí bàbá òun ò bá sí níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá ọjọ́, Bàbá Ànú wà ní Àbájí. Wọ́n tún dá òmíràn, Bàbá Ànú wà ní Àbájí. Ànú ń yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Báyìí, ó ti jáde ní yunifásítì, ó fẹ́ lọ sìnlú ní Sókótó, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yẹn ló sì kẹ́yìn kó tó lọ. Pásítọ̀ ti ní òun ò ní sún un síwájú mọ́.

Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé ó dáa, ọmọ mi, ó dáa. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo jáde sí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní Ànú sọ pé kí òun má da ara òun láàmú, pé bí òun ò bá ráyè, ìyá rẹ̀ á ya fọ́tò.

Ó wá ní, "Sùlàí, mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tíì sọ fún mi rí pé òun fẹ́ nǹkan kan, ì báà ṣe iyọ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò wọ mọ́tò èrò lọ. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àkókò ajílẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ ti kéde pé kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà tí kò ní ọkọ̀ ń jókòó lẹ́nu géètì wa láràárọ̀, wọ́n ń wojú ẹni tó máa yẹsẹ̀. Bí o bá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ sílẹ̀ lórí ìṣó tí o lọ sílé, kó o tó padà, ẹlòmíràn ti ń wa tírélà rẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n fún un ní ẹrù tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀.

Ọlọ́run sì ṣe é. Ẹrù sóyà kan balẹ̀ sí yáàdì wa, tí yóò lọ sí ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́bọ̀ ni yóò gbéra. Ẹni tó bá gbé e á já a kalẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, á wá gba Ògbómọ̀ṣọ́ padà wálé ní ọjọ́ Àìkú gan-an. Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níwájú lórí ògiri? Bàbá Ànú ni. Táyà rẹ̀ ńkọ́? Èmi fúnra mi ni mo lẹ ẹ́, ó dára. Mo ní kó lọ sọ fún Kíkẹ́olúwa ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní rárá, ó ní yóò dà bí ẹni pé òun fẹ́ rẹ́ àwọn tó kù jẹ. Mo ní èmi á lọ sọ fún un. Ó mú mi lọ́wọ́, ó bẹ̀ mí títí mo fi ṣèlérí pé n kò ní sọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ tòun, yóò kan òun.

Ó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Gbogbo dẹ́rẹ́bà dúró síwájú ọ́fíìsì. Kíkẹ́olúwa jáde pẹ̀lú ìwé ẹrù lọ́wọ́. Ìbàdàn wà, Àbájí wà. Ìbá ti fún ọ̀rẹ́ mi ní Àbájí gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lára, ó yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Bàbá Ànú, ẹ̀yin lẹ wà ní iwájú. Ìbàdàn àti Àbájí, èwo lẹ fẹ́?"

Ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ náà bi í léèrè. Ó bi í níṣojú gbogbo wa. Mo dúró ti jáàkì, mo ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ mi bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bàbá Ànú ní, "Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ fún mi, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ náà ni ọpẹ́."

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n lè tún bi í léèrè, kí ó wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ á tún bi í. Kíkẹ́olúwa ò gbé níbẹ̀. Ó fún un ní ìwé Àbájí tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Diméjì ti nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ń kígbe pé kí wọ́n kó Ìbàdàn fún òun, wọ́n sì kó o fún un. Bàbá Ànú gbàdúrà fún ọmọ náà, ó tún kí Diméjì kú oríire, ó sì wá bá mi pé kí n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà òun kí òun lè tètè máa lọ.

Mo ní mi ò fẹ́.

Ó rò pé mo ń ṣeré. Mo ká rọ́bà ẹ̀rọ atẹ́gùn mi, mo jókòó lé e lórí. Mo ní tírélà tó ń lọ sí Àbájí ò ní rí atẹ́gùn gbà lọ́dọ̀ mi lónìí, kó lọ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ní ọmọ rẹ ń dúró dè ọ́ létí omi, ìwọ ń dúpẹ́ ajílẹ̀. Mo ní ṣé ìwà ọmọlúàbí lo pe èyí ni, tí o ń fi ọmọ rẹ san owó rẹ̀. Mo dìde, mo ní ìlérí tí mo ṣe ti tán, mo ń lọ bá ọmọ náà nínú ọ́fíìsì.

Ó di apá mi mú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wá ní kí n jẹ́ kí òun lọ fúnra òun.

Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé e. Ó ṣí fìlà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kíkẹ́olúwa gbójú sókè, ó ní ṣé kò sí o, Bàbá.

"Kò sí," ni ẹnu Bàbá Ànú sọ, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ó yí i padà. "Ó wà. Nǹkan wà, ọmọ mi. Ìbàdàn ni mo fẹ́. Wọ́n fẹ́ tẹ ọmọ mi bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Òógùn bò ó bí ẹni pé ó gbé àpò sóyà náà lórí wọlé. Kíkẹ́olúwa gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo rò pé Àbájí lẹ fẹ́ràn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Yorùbá rẹ̀ ń já, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì so ó pọ̀. Ó ní nínú gbogbo dẹ́rẹ́bà, Bàbá Ànú nìkan ló máa ń gbàdúrà fún òun bí òun bá fún un ní ẹrù Àbájí. Ó ní òun rò pé torí pé ó ti dàgbà ni, ó fẹ́ ọ̀nà tí kò jìn kí ó lè máa sùn sílé. Ó ní ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mánijà fẹ́ máa rán an lọ sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun lòun bẹ mánijà pé kó fi Bàbá sílẹ̀, kó má gba Àbájí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà ti ń ṣe é lóore láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀rín pa mí, ó sì dùn mí, mi ò mọ èyí tí n bá ṣe. Bàbá Ànú ló ń tu ọmọ náà nínú, ó ń ní kó má sunkún, pé òun lòun ò sọ̀rọ̀.

Ó ku Diméjì, tó ti ń yí ọkọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ gba ẹrù òun. Kíkẹ́olúwa ní Bàbá Ànú ni, ó ní òun ló fẹ́ Ìbàdàn.

Ariwo Diméjì wọlẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà láti fìlà ọwọ́ rẹ̀ dé bàtà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà máa ń fẹ́ nǹkan ni?"

Bàbá Ànú ní òun máa ń fẹ́ ẹ. Diméjì nawọ́ ìwé Ìbàdàn sí i, ó gba ti Àbájí. Kò tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà tó ti ń di ẹ̀yìn mú, ó ń kérora pé ẹ̀yìn òun o. Ṣùgbọ́n ó gbé ajílẹ̀ náà lọ, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Èmi náà fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo táyà ọ̀rẹ́ mi, mo fi ọwọ́ gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún yẹ èyí tí mo ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ wò.

Wọn ò tíì pín ẹrù déédéé ní yáàdì wa, kí n má tàn yín. Wọ́n ṣì ń wo táyà, wọ́n ṣì ń wo ojú oníbàárà, ìyá Kánò ò sì tíì gbà kí ẹlòmíràn gbé ẹrù òun. Ṣùgbọ́n Àbájí ti di ti gbogbo wọn, ó ń yí kiri. Kíkẹ́olúwa sì ti gbọ́n sí wa. Bó bá bi àgbà léèrè tó sì ní kò burú, á tún bi í, á tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, á wá dúró máa wojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe é fún ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan ní tòótọ́, ìyẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí òun lè fẹ́. A ń gbádùn rẹ̀.

Bàbá Ànú fúnra rẹ̀ ló pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, nígbà tó páàkì láti sinmi lójú ọ̀nà. Ó ní wọ́n dá òun dúró ní Ìbàdàn, wọn ò tètè já sóyà náà, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti bọ́. Nígbà tí òun dé Ògbómọ̀ṣọ́, orin ti ń lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó páàkì tírélà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wọn, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tó fi wakọ̀, ó ń la àárín èrò kọjá, ó ń tọrọ gáfárà. Ànú ti wà nínú omi nínú aṣọ funfun, ọwọ́ pásítọ̀ ti wà léjìká rẹ̀. Ó ní ojú ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá nǹkan láàárín àwọn èèyàn. Nígbà tó rí òun, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọmi. Bó ṣe jáde, kò dúró gba táwẹ̀lì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó rọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, omi ń ro tótótó lára àwọn méjèèjì. Ó ń sọ sí i létí pé òun fẹ́ kó wá, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ kó wá, òun ò kàn lè sọ ọ́ fún un ni.

Nígbà tí ó ń múra láti padà, Ìyá Ànú mú ṣẹ́ẹ̀tì gbígbẹ kan wá bá a lẹ́nu ọkọ̀ pé kó pààrọ̀, kí otútù má baà mú un. Bàbá Ànú ní òun sọ fún un pé òun ò fẹ́, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ṣẹ́ẹ̀tì tútù yẹn ló wọ̀ wakọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kàbbà kó tó gbẹ tán mọ́ ọn lára.